Pátákó Àgbàbọ̀: Ìtàn Bí Iṣẹ́ Ọnà Ṣe Dé Orí Pátákó Ìpolówó Ọjà

Pátákó ìpolówó ọjà, èyí gàgàrà tí wọ́n ń gbé kọ́ sórí òpó irin lẹ́bàá títì márosẹ̀ tàbí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ilé gíga, jẹ́ ohun kan tí tọmọdé tàgbà ń wò láìṣe pé ó wù wọ́n láti wò ó. Nítorí bí ènìyàn kò bá fẹ́ ka ìwé ìròyìn, ó lè ká a tì sápá kan, bí kò bá sì fẹ́ gbọ́ rédíò, ó lè pa á, ṣùgbọ́n awakọ̀ tí ó há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ kò lè dijú kí ó má baà rí ọṣẹ àti ọtí tí wọ́n yà sí òkè orí rẹ̀. Agbára tí pátákó ní lórí ojú ọmọ aráyé yìí ni ó mú kí àwọn oníṣẹ́ ọnà kan, láti nǹkan bí 60 ọdún sẹ́yìn, máa tọ àwọn tí ó ni pátákó lọ, àwọn kan pẹ̀lú owó lọ́wọ́, àwọn kan pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ lẹ́nu, pé kí wọ́n fún àwọn ní àyè díẹ̀ tí a kò ní fi ta ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1969, nígbà tí ogun Vietnam ń jà lọ́wọ́, John Lennon, olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti Yoko Ono aya rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Jàpáànì tí ó ti di oníṣẹ́ ọnà kí ó tó di aya olórin, háyà pátákó ní ìlú tí ó ju mẹ́wàá lọ, tí New York, London, Paris, Róòmù àti Tókíò wà lára wọn, wọ́n sì fi lẹ́tà dúdú kọ ọ́ sára ìwé funfun pé ogun ti parí, bí aráyé bá fẹ́ kí ó parí. Owó ara wọn ni wọ́n ná. Ẹni tí kò lówó bẹ́ẹ̀ ní láti wá ọ̀nà mìíràn.

Ọ̀nà náà là ní Times Square ní New York, níbi tí pátákó oníná kan tí wọ́n ń pè ní Spectacolor wà. Jane Dickson, ayàwòrán tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tí ó ni pátákó náà, ni ó dá a lábàá pé kí a máa fi iṣẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà há àárín ìpolówó kan sí èkejì, ẹgbẹ́ Public Art Fund sì tẹ́wọ́ gba ìmọ̀ràn náà. Láti 1982, tí Keith Haring kọ́kọ́ gun orí rẹ̀, títí di 1990 ni ètò náà fi ń lọ, tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30. Ibẹ̀ ni Alfredo Jaar, ọmọ ilẹ̀ Chile, ti ṣàfihàn àwòrán ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní 1987, tí ó sì kọ ọ́ sí i lára pé èyí kọ́ ni Amẹ́ríkà, nítorí pé láti Chile títí dé Kánádà ni gbogbo wọn ń jẹ́ orúkọ náà.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó lẹrú ni ó lẹrù. Ní 1989, Public Art Fund kan náà pe Guerrilla Girls, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin oníṣẹ́ ọnà tí wọ́n ń fi bojúbojú ìnàkí bo ojú wọn, pé kí wọ́n ya pátákó kan wá. Àwọn obìnrin náà lọ ka iṣẹ́ tí ó wà ní ẹ̀ka ti òde òní ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Metropolitan, wọ́n rí i pé obìnrin kò tó ìdá 5 nínú 100 àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni obìnrin jẹ́ 85 nínú 100 àwòrán oníhòòhò tí ó wà níbẹ̀; wọ́n ya obìnrin oníhòòhò kan tí ó gbé bojúbojú ìnàkí wọ̀, wọ́n kọ ìṣirò náà sí i lára, àwọn tí ó bẹ̀ wọ́n níṣẹ́ sì kọ̀ ọ́. Wọ́n fi owó ara wọn háyà ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀sì ìlú, ilé-iṣẹ́ bọ́ọ̀sì náà sì tún fagi lé àdéhùn wọn. Láti ìgbà náà ni gbogbo ẹni tí ó ń ṣètò irú iṣẹ́ yìí ti mọ̀ pé ìwé àdéhùn ṣe pàtàkì tó ọ̀dà tí a fi ń yàwòrán.

Bí a bá bi mí pé èwo ni ó wọ̀ mí lára jù nínú gbogbo wọn, ti Felix Gonzalez-Torres ni n óò mú. Guáimaro ní ilẹ̀ Cuba ni a bí i sí ní 1957, New York ni ó ti ṣiṣẹ́. Ross Laycock, olólùfẹ́ rẹ̀, kú ní ọjọ́ 24 oṣù Kínní ọdún 1991, àrùn éèdì ni ó pa á. Ní ọdún náà ni Gonzalez-Torres ya fọ́tò ibùsùn kan: aṣọ funfun tí ó rún, ìrọ̀rí méjì, tí ibi tí orí ènìyàn méjì gbé sùn sí ṣì jẹ́ kòtò lára wọn. Ní 1992, ilé ìṣàfihàn iṣẹ́ ọnà òde òní ti New York bá a gbé àwòrán yìí kọ́ sórí pátákó 24 káàkiri ìlú náà, nítorí ọjọ́ 24 tí olólùfẹ́ rẹ̀ papò dà. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan lára rẹ̀, kò sí orúkọ ilé-iṣẹ́, kò sí iye owó. Bí ojú bá rí, ẹnu a dákẹ́; ẹni tí ọ̀fọ̀ ti ṣẹ̀ rí kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ ibùsùn òfìfo fún un. Nígbà tí ọjọ́ pé, wọ́n ya ìwé náà kúrò, ìpolówó sì padà sórí pátákó. Ìwé tí ó ya kọ́ ni iṣẹ́ ọnà náà, nítorí a lè tún un tẹ̀ nígbàkígbà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tún gbé e kọ́ síbi mẹ́fà ní New York ní 2012, ọdún 16 lẹ́yìn tí àrùn kan náà ti mú Gonzalez-Torres fúnra rẹ̀ lọ.

Ọmọ tiwa náà kò gbẹ́yìn. Yínká Ṣónibárẹ́, tí a bí ní London ní 1962 tí ó sì dàgbà ní Èkó, ya fọ́tò márùn-ún ní 1998, tí ó fi ara rẹ̀ ṣe ọkùnrin ológe ayé ọba obìnrin Victoria: òun aláwọ̀ dúdú ni ó wà láàárín, àwọn òyìnbó ọ̀rẹ́ àti ìránṣẹ́ yí i ká, wọ́n ń wò ó bí ẹni ń wo ọba lórí ìtẹ́, láti òwúrọ̀ tí ó jí títí di òru tí ó ń ṣe fàájì. Àjọ Iniva ni ó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ náà, ibi tí wọ́n sì kọ́kọ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ni ibùdókọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ London, láàárín ìpolówó tí àwọn tí ó ń lọ síbi iṣẹ́ ń rí lójoojúmọ́. Ibi tí ó yẹ ẹ́ gan-an ni, lójú tèmi, nítorí ọ̀rọ̀ tí ó ń bá ìlú náà sọ kì í ṣe èyí tí ó yẹ kí a tì mọ́ inú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.

Lẹ́yìn èyí, iye pátákó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2013, Richard Reed, ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá ilé-iṣẹ́ Innocent tí ń ta omi èso sílẹ̀, kó àwọn onípátákó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jọ, wọ́n sì fi ibi 22,000 tọrẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ará ìlú ni ó dìbò yan iṣẹ́ 57, àwọn kan náà sì dá owó tí wọ́n fi tẹ̀ wọ́n. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ayàwòrán kò ní òpó irin, onípátákó kò sì mọ àwòrán-án yà. Síbẹ̀ ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, a ṣoni. Pátákó tí ó wọ́pọ̀ jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 20, ó ga ní 10. Èyí tí ó wà lójú títì Amẹ́ríkà gùn ní 48, ó ga ní 14. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwòrán ènìyàn, láti ayé àtijọ́ wá, òòró ni wọ́n yà á. Ẹni tí kò bá fẹ́ gé orí tàbí ẹsẹ̀ ẹni tí wọ́n yà ní láti fi àyè sílẹ̀ lápá ọ̀tún àti òsì, tàbí kí ó yan àwòrán tí ó fẹjú láti ìbẹ̀rẹ̀.

Tehran, olú-ìlú Ìráànì, ṣe èyí tí kò sí ilé-iṣẹ́ aládàáni tí ó lè dá a ṣe. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2015, ìjọba ìlú náà, lábẹ́ mẹ́yọ̀ Mohammad Bagher Ghalibaf, yọ ìpolówó kúrò lára pátákó 1,500 fún ọjọ́ mẹ́wàá, wọ́n sì fi iṣẹ́ ọnà dípò rẹ̀. Iṣẹ́ àwọn ará Ìráànì ni ó pọ̀ jù, Rembrandt àti Munch sì wà pẹ̀lú wọn. Ìjọba ni ó ní àṣẹ lórí pátákó, ìdí nìyẹn tí ó fi rọrùn fún un láti pàṣẹ lóru kí ó sì ṣẹ ní òwúrọ̀. São Paulo ní ilẹ̀ Brazil lo irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ lọ́nà mìíràn ní 2007, nígbà tí òfin ìmọ́tótó ìlú wó nǹkan bí 15,000 pátákó lulẹ̀.

Àwọn tí ó tẹ̀ lé e ní Amẹ́ríkà tún mú ìjà wá. Ẹgbẹ́ For Freedoms, tí Hank Willis Thomas àti Eric Gottesman dá sílẹ̀ ní 2016, gbé fọ́tò ìwọ́de Selma ti 1965, níbi tí ọlọ́pàá ti dojú kọ àwọn aláwọ̀ dúdú tí ń bèèrè ẹ̀tọ́ ìbò, kọ́ ní ìlú Pearl ní Mississippi, wọ́n sì kọ àkọlé ìpolongo ìbò Donald Trump sí i lára. Gómìnà ìpínlẹ̀ náà bẹnu àtẹ́ lù ú. Ẹgbẹ́ náà kò tìtorí èyí káwọ́ gbera. Ní 2018, wọ́n gbé pátákó kọ́ ní gbogbo ìpínlẹ̀ 50.

Ẹ̀yin tí ẹ ni pátákó ní Èkó, ní Ìbàdàn àti ní Àkúrẹ́, tí ìpolówó àtijọ́ ti fàya lára wọn, tí kò sí ohun mìíràn níbẹ̀ bí kò ṣe nọ́ńbà fóònù yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yá àwọn ọmọ wa tí ń kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Yábàá àti ní Ilé-Ifẹ̀ ní ẹyọ kan fún oṣù kan péré, kí oníbàárà tó dé.