Bírò Lẹ́yìn Ẹ̀rọ

Nígbà tí a fẹ́ sìnkú ìyá wa àgbà, mo gbé ìwé ìpè lọ tẹ̀ ní Bẹẹrẹ. Bó ṣe jáde tán, bírò ni àǹtí tó ń taipù mú, ó ń fi àmì sí orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bírò yẹn ti pẹ́. Lọ́dún 1875 ni ìjọ CMS ti ṣèpàdé l'Ékòó lórí àkọtọ́ Yorùbá. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ taipù tó dé lẹ́yìn náà kò ní ẹ, ọ àti ṣ. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń parí rẹ̀. Kọ̀ǹpútà dé, Unicode fún ẹ láyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò fún ẹ́: ẹ la óò kọ́kọ́ tẹ̀, kí àmì tó gùn ún.

Ohun tó dùn mí ni pé àtẹ bọ́tìnnì Yorùbá wà lọ́fẹ̀ẹ́ nínú Linux. Iléeṣẹ́ Alt-i tí Túndé Adégbọlá dá sílẹ̀ n'Ìbàdàn níbí náà ti ṣe gudugudu lórí ọ̀rọ̀ yìí. Síbẹ̀, àǹtí wa kò gbọ́ nípa ìkankan rí.

Ọkọ kì í ṣe ọkọ̀, ọkọ̀ kì í ṣe ọkọ́. Ẹ̀yin tó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà láàárín wa, kí ẹ tó ṣe òmíràn, ẹ kọ́kọ́ lọ jókòó ní Bẹẹrẹ, kí ẹ wo ọwọ́ ẹni tó ń taipù.