Ọwọ́ Onídìrí àti Àtẹ Onínọ́ńbà: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Dá Irú Irun Mọ̀

Ní ọdún 1997, Andre Walker, ẹni tí ó ń ṣe irun fún Oprah Winfrey ní Amẹ́ríkà, gbé ìwé kan jáde tí ó pè ní Andre Talks Hair. Ó pín irun ọmọ ènìyàn sí ọ̀nà mẹ́rin: èyí tí ó nà tààrà, èyí tí ó ń wé bí ìgbì omi, èyí tí ó ká roboto, àti èyí tí ó ká pinpin. Ó fi lẹ́tà sí abẹ́ àwọn nọ́ńbà náà. Kò sí 4C nínú ìpín àkọ́kọ́ yìí. Àwọn tí ń lò ó ni wọ́n fi í kún un nígbà tí ó yá. Síbẹ̀, kò sí ibi tí fóònù dé lónìí tí 4C kò dé, ìbáà ṣe Ìkòyí ilẹ̀ Okun tí ó wà ní agbègbè Kàbbà, ìbáà ṣe Ìkòyí ti Èkó.

Kí nọ́ńbà tó dé, ọwọ́ ni Yorùbá fi ń mọ irun. Onídìrí yóò ki ìka bọ inú rẹ̀, yóò mọ̀ bóyá ó kí tàbí ó fẹ́lẹ́, bóyá ó le tàbí ó rọ̀, bóyá ó ń já. Ohun tí ọwọ́ bá sọ fún un ni yóò fi pinnu bóyá kí ó di irun náà tàbí kí ó fi òwú kó o, bí ojú ìlà yóò ti fẹ̀ tó, àti bóyá òrí tàbí àdín ni yóò fi pa á. Irun ìpàkọ́ lè yàtọ̀ sí ti iwájú lórí kan ṣoṣo. Onídìrí kò ní láti fún olórí ní orúkọ kan nítorí ìyẹn. Iṣẹ́ ni ìmọ̀ yìí wà fún.

Dàda nìkan ni ó yàtọ̀ gedegbe. Irun rẹ̀ ni orúkọ rẹ̀, àmútọ̀runwá sì ni. Ìtàn Ọ̀yọ́ so orúkọ náà mọ́ Ajàká, ọba onísùúrù tí Ṣàngó àbúrò rẹ̀ gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tí ó bí òwe pé Dàda kò lè jà, ṣùgbọ́n ó ní àbúrò tí ó gbójú. A kì í ya irun Dàda, a kì í sì í gé e láìṣe ètùtù. Owó ẹyọ ni wọ́n ń so mọ́ ọn. Èèwọ̀ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìmọ̀ ìtọ́jú wà nínú rẹ̀, nítorí òòyà tí a bá fi agbára kì bọ inú irun tí ó ti lọ́ mọ́ra yóò já a ni.

Irun kíkó tún fi ìmọ̀ náà hàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Irun tí ó ká pinpin máa ń sún kì. Òróró tí ó ń ti awọ orí jáde kì í tètè dé ṣóńṣó rẹ̀, ibi tí ó ti ṣẹ́ kọ́rọ́ sì ni ó ti ń kán. Òwú tí a wé mọ́ ọn láti ìdí dé orí yóò nà án láìlo iná, yóò sì bo ṣóńṣó rẹ̀. Àwọn obìnrin ilẹ̀ Okun, pàápàá àwọn ará Bùnú, jẹ́ ahunṣọ lórí òfì tí a gbé dúró, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń ran òwú. Yorùbá kò ya orúkọ òwú tí ó di aṣọ kúrò lára ti òwú tí ó kó irun.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àbùmọ́ ni èyí, kí ó wo àwòrán J. D. 'Okhai Ojeikere, ọmọ Ẹdó tí ó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn àti Èkó. Láti 1968 ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun obìnrin Nàìjíríà, ó sì ya nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan. Ẹ̀yìn orí ni ó sábà máa ń kọjú ẹ̀rọ sí. Nínú Onílé Gogoro tí ó yà ní 1975, irun tí àtẹ 1997 tò sí ìkẹyìn ni ó dìde dúró bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Irun tí ó nà tààrà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ rárá.

Ìtòlẹ́sẹẹsẹ yẹn ni ó yẹ kí òpìtàn fura sí. Ní 1908, Eugen Fischer láti Jámánì lọ sí Rehoboth, ní ilẹ̀ tí ó di Nàmíbíà, láti wọn ara àwọn ènìyàn tí òyìnbó àti adúláwọ̀ jọ bí. Irun wà lára ohun tí ó yẹ̀ wò. Ní Gúúsù Áfríkà, lẹ́yìn òfin ìforúkọsílẹ̀ ẹ̀yà ti 1950, wọ́n a máa ki pẹ́ńsùlù bọ irun ènìyàn: bí kò bá jábọ́, ẹni náà kì í ṣe òyìnbó. Walker kì í ṣe ẹlẹgbẹ́ àwọn wọ̀nyí. Ẹwà ni ó ń wá. Àmọ́ irun òyìnbó náà ni ó ṣì fi ṣe ìkíní. Ní 2007, àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ L'Oréal gbé ìpín mẹ́jọ mìíràn kalẹ̀, tí wọ́n fi ìwọ̀n bí irun ti ká ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀, láìbéèrè ẹ̀yà olórí.

Ọwọ́ náà ní ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀. Dídì tí ó fún jù ti fa irun iwájú ọ̀pọ̀ obìnrin sẹ́yìn, àwọn ìyá kan sì wà tí wọ́n ka ẹkún ọmọ sí àmì pé irun náà dára. Ṣùgbọ́n obìnrin méjì lè jọ jẹ́ 4C, kí ti ọ̀kan kí bí igbó, kí ti èkejì fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí òwú fífún yóò fi já a. Àtẹ kò sọ ìyẹn fún wọn. Onídìrí yóò ti mọ̀ kí ó tó mú ìlarun.