Ta Ni Kò Mọ̀ Pé Àjẹ́ Àná Ló Pa Ọmọ Jẹ?

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi òǹkàwé, òwe yìí ni mo fẹ́ fi wo ìtàn ilẹ̀ wa ní Yewa, kí a lè rí ohun tí ìtàn sísọ ń fi ọkàn ọmọ ènìyàn ṣe. Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ni àwọn obìnrin àgbà, àwọn tí à ń pè ní "àwọn ìyá wa" nígbà tí a bá fẹ́ bẹ̀ wọ́n, tí a sì ń pè ní àjẹ́ nígbà tí a bá fẹ́ lé wọn. Ìtàn mẹ́ta ni wọ́n ti sọ fún wa nípa wọn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ọ̀pọ̀ ló ní Kétu ló ti ṣẹ̀ wá. Àwọn ará Ìlóbí ní ọ̀dọ̀ àwọn ni. Èmi ò ní dá sí ìyẹn o, kí wọ́n má baà wá mi wá sí họ́sítẹ́ẹ̀lì. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fẹnu kò lórí ààlà ní 1889, Kétu bọ́ sí ìhà Faransé, Ìlaròó bọ́ sí ìhà Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kò mọ ààlà kankan. Nígbà tí àjọ UNESCO kéde rẹ̀ ní 2001 pé àjogúnbá gbogbo ayé ni, orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Togo ló jọ wà níbẹ̀.

Òru ni Ẹ̀fẹ̀, inú ọjà sì ni. Ẹlẹ́fẹ̀ á kọ́kọ́ júbà àwọn ìyá ná. Ìgbà tó bá ti gbà pé àwọn ló ni ayé ló tó lè máa fi olè ẹni yìí àti ìwà ọ̀kánjúwà ẹni yẹn kọrin, tí gbogbo ọjà á máa rẹ́rìn-ín. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ á jáde ní méjì-méjì: ọkùnrin ló wà lábẹ́ aṣọ, àmọ́ obìnrin ni gbogbo ìmúra rẹ̀, ère lórí, irin tó ń dún lẹ́sẹ̀. Ìtàn tí wọ́n ń fi gbogbo èyí sọ kò ní àwọn ìyá ò lágbára o. Ó ní wọ́n lágbára, wọ́n lè tún ayé ṣe, wọ́n sì lè bà á jẹ́. Nítorí náà, ẹ lọ gẹ̀ wọ́n. Ẹni tó bá gba ìtàn yìí gbọ́, obì ló máa mú dání.

Ní 1950, ìtàn kejì wọlé. Àwọn Àtíńgà ló gbé e dé. Láti Gold Coast, tó di Ghana lónìí, ni wọ́n ti wá, wọ́n gba Dahomey kọjá, wọ́n sì wọ ilẹ̀ wa tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀gbádò nígbà náà. Àsìkò tí owó kòkó ń gbówó lórí nìyẹn, tí ọ̀pọ̀ obìnrin sì ń rí tajé ṣe. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n mú wá kò gùn: ẹ̀ ń bímọ, ọmọ ń kú, ẹnìkan ló ń pa wọ́n, a sì lè fi ọwọ́ tọ́ka sí i. Wọ́n á jó títí nǹkan á fi gùn wọ́n, wọ́n á wá nawọ́ sí obìnrin kan láàárín èrò. Bó bá ní òun kọ́, wọ́n á pa adìẹ. Bí adìẹ bá ṣe ṣubú kú ló máa sọ bóyá ó jẹ̀bi. Bó bá jẹ́wọ́, á sanwó, á mu oògùn. Wọ́n tún ba ojúbọ òrìṣà jẹ́ kiri kí ìjọba tó fòfin dè wọ́n ní 1951.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ obìnrin ló jẹ́wọ́. Òmíràn lè fẹ́ kí wọ́n ṣáà fi òun sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn lè wọni lára débi pé ẹni tí wọ́n ń fi sùn gan-an á gbà pé bóyá òótọ́ ni.

Ẹ wò ó, ìgbàgbọ́ kò yí padà. Ẹni tó gbé obì fún àwọn ìyá ní 1949 àti ẹni tó lé wọn ní 1950 lè jẹ́ ẹnì kan náà. Kí ló wá yí? Ẹ gbọ́ òwe wa: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Nǹkan méjì ló ṣẹlẹ̀, igbe kan àti ikú kan. Kò sẹ́ni tó rí okùn tó so wọ́n pọ̀. Ìtàn ló ta okùn yẹn. Ibà lè ti pa ọmọ, ìgbẹ́ gbuuru lè ti pa á, àmọ́ "ta ni kò mọ̀" ti pa gbogbo ènìyàn lẹ́nu mọ́.

Ìtàn kẹta, sinimá ni. Hubert Ogunde mọ agbára ìtàn, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn náà sì mọ̀ ọ́n. Òun ni wọ́n ṣe fòfin de eré rẹ̀, Yorùbá Ronú, ní 1964. Nígbà tó gbé fíìmù Ayé jáde ní 1979 àti Jáyésinmi ní 1980, ohun tí etí ń gbọ́ di ohun tí ojú ń rí. Ọ̀ṣẹ́túrá dìde, ó ń bá àwọn àjẹ́ jà, gbogbo wa wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn oníkásẹ́ẹ̀tì tẹ̀ lé e, wọ́n sì sọ ọ́ di òwò: ìyá ọkọ ni, ìyá arúgbó ẹ̀yìnkùlé ni. Lónìí, orí fóònù ló wà.

Ohun tó ya sinimá sọ́tọ̀ sí Ẹ̀fẹ̀ rèé. Nínú ọjà, àwọn ìyá wà lórí ìjókòó, Ìyálàṣẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹlẹ́fẹ̀ ní láti ro ohun tó máa sọ lójú wọn. Nínú fíìmù, ta ló bi ìyá arúgbó léèrè?

Màmá kan ń ta ẹ̀kọ ládùúgbò wa l'Áyétòrò. Ọmọ ilé kejì kú. Ẹnikẹ́ni ò bú màmá yìí, ẹnikẹ́ni ò nà án. Wọn ò ṣáà ra ẹ̀kọ ẹ̀ mọ́. Nígbà tó yá, ó palẹ̀ mọ́, ó lọ bá ọmọ ẹ̀ n'Ídìí-Ìrókò. Abala 210 nínú Criminal Code ní ẹni tó bá fẹ̀sùn àjẹ́ kan ẹlòmíràn lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 2. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá wo ló máa mú ẹni tí kò ra ẹ̀kọ?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi tí ẹ ń kọ eré fún òpin sáà yìí, mo ti gbọ́ pé àjẹ́ wà nínú mẹ́ta ó kéré tán. Mi ò ní kí ẹ yọ ọ́ o. Ẹ ṣáà fún màmá náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sọ, kí ẹ sì jẹ́ kó parí ẹ̀ kí wọ́n tó lé e.