Ẹrù tí San Andreas Gbé, tí Àwọn Àbúrò Rẹ̀ Sọ̀ Kalẹ̀

Ní October 2004, ilé-iṣẹ́ Rockstar gbé géèmù kan jáde tí ebi máa ń pa akọni inú rẹ̀. "Grand Theft Auto: San Andreas" ni orúkọ rẹ̀. Carl Johnson, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí CJ, ni akọni náà. Bí CJ bá lo ọjọ́ méjì nínú géèmù láìjẹun, á bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Bó bá jẹ búgà àti písà ní àjẹjù, ikùn rẹ̀ á yọ síta, eré rẹ̀ á sì falẹ̀. Tó bá fẹ́ kí apá òun ki, àfi kó wọ ilé tí wọ́n ti ń gbé irin ní Ganton lọ. Nínú gbogbo GTA tó tẹ̀lé e, kò sí ọ̀kan tó tún gbé gbogbo ẹrù yìí.

Ìtàn bí ẹrù náà ṣe fúyẹ́, láti Edinburgh àti Maryland ti Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn tó ń ṣe géèmù wà, ni wọ́n sábà máa ń sọ ọ́. Bí èèyàn bá dúró sí Ṣógúnlé wò ó, á rí i pé àwọn tó ń gbá géèmù lówó wákàtí ní Èkó ti já ẹrù San Andreas sílẹ̀ kí àwọn tó ni ín tó já a.

Ṣógúnlé wà létí Agege Motor Road, láàárín Ọ̀ṣòdì àti Ìkẹjà, pẹ̀lú ojú irin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ní 1896. Ẹni tó bá wọ mọ́tò síhà Ìkẹjà kò ní pẹ́ dé Computer Village, níbi tí òpópónà Ọ̀tígbà ti kúrò ní ojúlé àwọn èèyàn tó di ọjà kọ̀ǹpútà láti àárín àwọn ọdún 1990. Ọjà Alábà, ní Ọ̀jọ́, ni wọ́n ti ń kó tẹlifíṣọ̀n àti síídì. PlayStation 2, ẹ̀rọ géèmù tí Sony gbé jáde ní 2000, gba irú àwọn ọjà wọ̀nyí dé àárín ìlú. Tòkunbọ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn, ọ̀pọ̀ ni wọ́n sì ti tú, tí wọ́n ti fi ohun tó ń jẹ́ kó ka síídì àdàkọ sínú rẹ̀.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ilé ló lè rà á. Ṣọ́ọ̀bù géèmù ló jẹ́ kó kárí. Yàrá kan, tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta tàbí mẹ́rin, bẹ́ǹṣì onípákó, pádì tí àmì orí bọ́tìnnì rẹ̀ ti pa rẹ́, àti jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n sọ ní "I better pass my neighbour" lẹ́yìn ògiri: irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ kún àwọn àdúgbò Èkó. Owó àsìkò ni oníbàárà ń san. Bọ́ọ̀lù ló sì ń mówó wọlé jù. Ìdíje kan nínú Winning Eleven, tó wá di PES, kì í ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ẹni tó bá nani á jókòó pa, ẹni tí wọ́n nà á sanwó, á sì dìde fún ẹlòmíràn.

Ohun tí San Andreas gbé dé kò bá ìṣirò yìí mu rárá. Gbòǹgbò rẹ̀ wà nínú "Dungeons & Dragons", eré orí tábìlì tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1974. Nínú eré náà, akọni kọ̀ọ̀kan ní ìwé tirẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi nọ́ńbà kọ bí agbára rẹ̀ ṣe tó, bí ọgbọ́n rẹ̀ ṣe jìn, àti ọgbẹ́ tó lè fara dà kó tó kú. Bó bá ṣe ń ja àjàṣẹ́gun sí i ni nọ́ńbà náà ń lé sí i. Àtọ́dàgbà ni wọ́n ń tọ́ akọni náà. Nígbà tí kọ̀ǹpútà gba ìwé yìí lọ́wọ́ wọn tó ń bá wọn ṣe ìṣirò, irú géèmù bẹ́ẹ̀ wá ń jẹ́ RPG. Rockstar bu ọgbọ́n yìí sínú géèmù ìbọn àti mọ́tò láìfi ariwo ta.

Wọ́n sì bù ú dáadáa. Ìbọn tí CJ bá ń yìn léraléra ló ń mọwọ́ rẹ̀. Bó bá dé ìpele tó ga jù nídìí àwọn ìbọn kéékèèké kan, á lè mú méjì dání lẹ́ẹ̀kan náà. Mọ́tò wíwà, ọ̀kadà gígùn, kẹ̀kẹ́ àti bàálù, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Bó bá ṣe ń mòòkùn ni èémí rẹ̀ lábẹ́ omi ń gùn sí i, iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ "Amphibious Assault" kò sì ní ṣí fún ẹni tí èémí rẹ̀ kò bá tíì gùn tó. Aṣọ ọrùn rẹ̀ àti mọ́tò abẹ́ rẹ̀ wà lára ohun tó ń sọ bí yóò ṣe wu obìnrin. Nínú àwọn ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀, Katie ń fẹ́ ẹni tí iṣan ara rẹ̀ yọ, Barbara ń fẹ́ ẹni tó sanra. Ọ̀wọ̀ tó ní lójú àwọn ọmọ Grove Street ló ń sọ iye èèyàn tó lè pè jáde láti bá a jà.

Gbogbo èyí ń béèrè pé kí ẹni tó gbá géèmù lónìí bá a lọ́la níbi tó fi í sí. Ìyẹn gan-an ni ṣọ́ọ̀bù kò lè ṣèlérí. Àwọn ilé tí CJ ní nìkan ni èèyàn ti lè tọ́jú ibi tó bá géèmù dé, orí mẹ́mọ́rì káàdì tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀rọ ló sì ń wà. Oníbàárà tó san owó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kì í sábà ní káàdì. Bí ṣọ́ọ̀bù bá ní in, ẹni tó bá wọlé lẹ́yìn rẹ̀ lè kọ tirẹ̀ lé tiẹ̀ lórí kí ilẹ̀ tó ṣú. NEPA lè mú iná láàárín iṣẹ́, kí gbogbo rẹ̀ sì padà sí òdo. Epo tó ń gbé jẹnẹrétọ̀ náà ní ìyà tirẹ̀: ní 1 January 2012, lítà kan fò láti 65 náírà sí 141, kó tó rọlẹ̀ sí 97 lẹ́yìn tí àwọn èèyàn tú sójú pópó. Ta ló máa fi irú ìṣẹ́jú bẹ́ẹ̀ lọ gbé irin fún ẹni tí kì í ṣe òun?

Kóòdù, ìyẹn àwọn bọ́tìnnì tí wọ́n ń tẹ̀ tẹ̀léra lórí pádì, ló bá wọn yanjú rẹ̀. R1, R2, L1, X, òsì, ìsàlẹ̀, ọ̀tún, òkè, kí wọ́n tún àwọn mẹ́rin ìkẹyìn tẹ̀: ìlera CJ kún, ẹ̀wù ayẹta wọ̀ ọ́ lọ́rùn, 250,000 dọ́là bọ́ sápò rẹ̀. Kí wọ́n fi R2 dípò X, ìbọn dé. Kóòdù kan wà tó ń sọ ọ́ di oníṣan, òmíràn ń bu ọ̀rá lé e lára, òmíràn ń já ọkọ̀ ogun kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Rockstar fúnra rẹ̀ ló fi wọ́n sínú géèmù. Àwọn ọmọ iléèwé ń kọ wọ́n sẹ́yìn ìwé, wọ́n ń há wọn sórí. Ohun tí wọ́n ṣètò pé kó gba ọ̀pọ̀ wákàtí di ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. CJ tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù nìyẹn: kò jẹun rí, kò mòòkùn rí, ọkọ̀ ogun ló ń wà kiri ìgboro.

Àbúrò àkọ́kọ́ dé ní 2005. "Liberty City Stories", tí wọ́n ṣe fún PSP àtẹ́lẹwọ́, kò ní oúnjẹ jíjẹ, kò ní irin gbígbé. Akọni rẹ̀, Toni Cipriani, kò lè wẹ̀ lódò, kò sì lè gun ògiri. "Vice City Stories" tẹ̀lé e ní 2006. Èyí tí gbogbo ayé ń wọ̀nà fún ni GTA IV, tó jáde ní 29 April 2008 fún PS3 àti Xbox 360. Akọni rẹ̀, Niko Bellic, máa ń jẹ hot dog kí ìlera rẹ̀ lè padà bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n iye yòówù kó jẹ, bákan náà ni ara rẹ̀ ń rí. Kò sí nọ́ńbà ìbọn, kò sí èémí tó ń gùn. Ìbátan rẹ̀, Roman, ló ń fi fóònù dà á láàmú pé káwọn lọ gbá bowling.

Ọ̀pọ̀ tó fẹ́ràn San Andreas bínú. Wọ́n ní ọ̀lẹ ló mú Rockstar. Bí a bá wo iṣẹ́ náà látinú, owó ló jọ pé ó fà á. Ara CJ lè rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó lè sanra, ó lè yọ iṣan. Gbogbo ṣẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò inú géèmù gbọ́dọ̀ jókòó lé ara náà, yálà ó ń sáré ni o, tàbí ó ń sọ̀rọ̀ nínú ìran sinimá. Lórí PS2, tí àwòrán rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣeé gbé. Lórí PS3, níbi tí ìránṣọ àti irùngbọ̀n ti ń hàn ketekete, iṣẹ́ náà di ìlọ́po lórí ìlọ́po. Ìròyìn ìgbà náà sọ pé ìnáwó GTA IV tó nǹkan bí 100 mílíọ̀nù dọ́là. Ìrìn, ìkọsẹ̀ àti ìṣubú tó jọ ti èèyàn gidi, pẹ̀lú ìtàn tó wúwo, ni wọ́n fi owó náà rà.

Ìrìn kan náà ni Bethesda, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe RPG, rìn ní Maryland, kíkà ló sì rọrùn láti fi tọpa rẹ̀. Òye tí akọni lè kọ́ nínú "Daggerfall" ti 1996 jẹ́ 35. Nígbà tí "Morrowind" jáde ní 2002, ó ku 27. "Oblivion", 2006, ní 21. "Skyrim", November 2011, ní 18, wọ́n sì tún kó àwọn nọ́ńbà agbára, ọgbọ́n, eré sísá àti oríire kúrò pátápátá. Ìlera, idán àti okun nìkan ló kù. Ní Morrowind, ará abúlé ló ń júwe ọ̀nà: kí o gba ìhà gúúsù, kí o yà níbi òkúta, bó o bá ṣìnà, wàhálà tìrẹ ni. Láti Oblivion ni àmì ti ń hàn lójú kọ́ńpáàsì tó ń tọ́ka sí ibi tí à ń lọ gan-an.

Ohùn náà dá kún un. Kíkà ni púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ Morrowind. Láti Oblivion, òṣèré ló ń fi ẹnu sọ gbogbo rẹ̀, owó sì ni gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó di "Fallout 4" ní 2015, akọni fúnra rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀ jáde. Bethesda ní gbólóhùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lé ní 110,000, síbẹ̀ èsì mẹ́rin péré ni ẹni tó ń gbá a lè yàn nínú rẹ̀ nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ bá délẹ̀. Ọjà kò fìyà jẹ wọ́n: nígbà tó di 2023, Bethesda ní Skyrim ti tà ju 60 mílíọ̀nù ẹ̀dà lọ.

Kì í ṣe ìsọ̀kalẹ̀ nìkan ni ìtàn náà. Ní September 2013, GTA V dá okun, ìbọn yíyìn, mọ́tò wíwà àti èémí abẹ́ omi padà ní nọ́ńbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn akọni rẹ̀, Michael, Franklin àti Trevor, kì í sanra, wọn kì í rù. Ní 2017, "Assassin's Creed Origins" gbé ìpele àti nọ́ńbà lé orí géèmù tí kò fi bẹ́ẹ̀ ní wọn tẹ́lẹ̀. Ní October 2018, Rockstar tún padà sídìí ara: Arthur Morgan, nínú "Red Dead Redemption 2", ń rù bí kò bá jẹun, irùngbọ̀n rẹ̀ ń hù, ẹṣin rẹ̀ sì ní láti mọ̀ ọ́n kó tó gbọ́ tirẹ̀.

Fún ọ̀pọ̀ ní Èkó, inú fóònù ni San Andreas ti tún ayé wá. Ní December 2013, Rockstar gbé e jáde fún iPhone àti Android. Ó gba àyè púpọ̀ nínú fóònù, dátà sì wọ́n, nítorí náà ọ̀pọ̀ ló gbà á lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ lórí áàpù Xender. Wọ́n ti fi kún un pé kó máa tọ́jú ibi téèyàn dé láàárín iṣẹ́, kò sì sí ẹlòmíràn tó máa kọ tirẹ̀ lé e lórí. Ohun mìíràn tún yí padà: fóònù kò ní R1, kò ní L2. Kóòdù orí ahọ́n kò rí bọ́tìnnì tí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ sí. Àwọn kan wá áàpù tó ń bá wọn tẹ̀ ẹ́. Àwọn mìíràn, fún ìgbà àkọ́kọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ CJ bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ ní 2004, lẹ́yìn tí GTA IV ti já gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún márùn-ún ṣáájú.

Àwọn tó ń ṣe géèmù ní Èkó mọ iye tí ìṣẹ́jú ń jẹ́. Maliyo Games, tí Hugo Obi dá sílẹ̀ ní 2012, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú géèmù kúkúrú bíi "Okada Ride" àti "Mosquito Smasher", tí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì lè gbá tán. RPG ńlá tó ti ìhà ibí jáde, "Aurion: Legacy of the Kori-Odan", Yaoundé ni Kiro'o Games ti ṣe é. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n gbé e sí ní April 2016, fún ẹni tó ní kọ̀ǹpútà àti àsìkò nílé. Ní 2024, nígbà tí Disney gbé eré àwòrán "Iwájú" jáde, tí ìtàn rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Èkó, Maliyo ló ṣe géèmù tó bá a rìn, "Rising Chef". Oúnjẹ ilẹ̀ yìí ni ẹni tó ń gbá a ń sè nínú rẹ̀. Oníbàárà ló ń jẹ ẹ́, aago sì ń ka ìṣẹ́jú tó kù kó tó dé iwájú rẹ̀.