Inú Ń Run Ọmọ Ọdún Mẹ́rin

Ọmọ tí mo ń sọ yìí kì í ṣe ọmọ ẹnì kan pàtó. Ohun tí àwọn dókítà ọmọdé máa ń bá pàdé ni mo tò sínú ọjọ́ kan.

Aago méje àárọ̀. Ìyá àgbà kan pọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wọ ẹ̀ka pàjáwìrì l'Ékòó. Láti ìjẹta ni inú ti ń run ún. Wọ́n ti fún un lóògùn aràn, wọ́n ti rọ àgbo jẹ̀díjẹ̀dí sí i lẹ́nu. Òróòro ló ń bì báyìí.

Aago mẹ́jọ. Dókítà kò kọ́kọ́ fọwọ́ kan inú. Àyà ló gbọ́, torí òtútù àyà lè fi inú rírun bojú lára ọmọdé. Ó bèèrè jẹ́nótaìpù, ó ní kí wọ́n yẹ ibà àti ìtọ̀ wò. Ìgbà yẹn ló wá rọra tẹ inú. Ó le, ọmọ náà ká ẹsẹ̀ jọ.

Kò sí àpá kankan níbẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Kò sí egungun níwájú ikùn: bí ìkúùkù tàbí ẹsẹ̀ bá bà á, awọ á yẹ̀ fún un, ìfun àti ẹ̀dọ̀ ni yóò fún mọ́ eegun ẹ̀yìn. Ẹ̀jẹ̀ lè máa dà nínú kí ara òde máa dán. Dókítà gbé iná sún mọ́ ọn, torí ara dúdú kì í tètè fi ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti dì hàn. Ẹ̀yìn etí òsì ló ti rí i. Ọmọ tó ń sáré kò lè ṣàìní àpá lójúgun, ṣùgbọ́n ọmọ kì í fi ẹ̀yìn etí ṣubú.

Aago mẹ́wàá. "Orí bẹ́ẹ̀dì ló ti já bọ́, dókítà," ni ìyá àgbà wí. Nígbà tí ìyá ọmọ dé láago mọ́kànlá, àtẹ̀gùn ló ní ó ti yí lulẹ̀. Dókítà kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kọ ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Mo fara mọ́ ìfarabalẹ̀ yẹn. Bí wọ́n bá dójú ti ìyá, ó lè gbé ọmọ lọ kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì jókòó ti ọmọ náà lẹ́yìn kọ́tìnì. Kò bi í pé ta ló nà án, torí ọmọ kékeré lè dárúkọ ẹni tí a bá fi sí i lẹ́nu.

"Ọkọ mi, inú yìí ńkọ́? Sọ fún mi."

Ó pẹ́ kó tó fèsì. "Bùrọ̀dá fi ẹsẹ̀ gbá mi níbẹ̀."

Aago kan. Èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé ẹ̀dọ̀ ti fara gbá. Skáànù di dandan, owó rẹ̀ kò sì sí. Ìyá àgbà ń pe ẹbí kiri lórí fóònù títí òṣìṣẹ́ wẹ́fíà fi bá wọn dá sí i. Ó dùn mí pé owó lè dá irú àyẹ̀wò yìí dúró.

Aago mẹ́rin. Skáànù fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ti dì sára ògiri ìbẹ̀rẹ̀ ìfun, oúnjẹ kò rọ́nà kọjá. Irú rẹ̀ kì í sábà gba iṣẹ́ abẹ: wọ́n ki rọ́bà sí i nímú, wọ́n fa omi sí i lára, kò ní í fẹnu jẹun fún ìgbà díẹ̀.

Aago mẹ́fà. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti wà l'Ékòó láti 2007, àmọ́ ìbéèrè òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ló ṣe pàtàkì jù lójú mi lọ́jọ́ náà: "Màmá, ta ló kù nílé?" Àbúrò ọmọ náà ni, ọmọ oṣù mẹ́jọ, ọ̀dọ̀ bùrọ̀dá yẹn kan náà. Wọ́n wọ mọ́tò lọ gbé e wá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Òun kò tíì lè sọ̀rọ̀, nítorí náà gbogbo egungun ara rẹ̀ ni wọ́n máa ya ẹ́síréè.