Ipò Ẹ̀ṣọ́ nínú Ogun Ọ̀yọ́

Lọ́dọọdún tí mo bá ń yẹ ìwé ìdánwò wò nítòsí Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́ níhìn-ín, n kì í ṣàì rí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ ọ́ pé Ẹ̀ṣọ́ ni kọ́púrà àwọn ará Ọ̀yọ́. Àfiwé náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò tọ̀nà.

Nínú iṣẹ́ ológun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn ológun Nàìjíríà ti wò kọ́ṣẹ́, kọ́púrà ni ó ń ṣáájú ọ̀wọ́ tí ó kéré jù, bí ènìyàn mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Ní Amẹ́ríkà, sájẹ́ńtì ni ó sábà máa ń wà ní irú ipò yìí. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ pàápàá ní olórí fún ènìyàn mẹ́jọ tí ń sun àgọ́ kan náà. Ìjọba ni ó ń yan irú àwọn wọ̀nyí, òun ni ó sì ń san owó iṣẹ́ wọn.

Ìjòyè ni Ẹ̀ṣọ́ ní tirẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí Samuel Johnson ti kọ ọ́, 70 ni wọ́n, mẹ́wàá mẹ́wàá lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì méje. 16 jẹ́ àgbà, 54 jẹ́ kékeré. Ìwà akin ni a fi ń dé ipò náà, ojú ogun ni a sì ti ń mọ̀ ọ́n. Ẹ̀ṣọ́ tí a bá lọ́fà lẹ́yìn ti tẹ́ títí ayé. Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ni olórí gbogbo wọn.

Ta ni ọmọ ogun gbójú lé? Ìbéèrè yìí ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa bi ara rẹ̀. Nígbà tí Kakaǹfò Àfọ̀njá ṣọ̀tẹ̀ sí Aláàfin ní Ìlọrin, ní nǹkan bí ọdún 1817, àwọn Jamáà tí ó kó jọ ni ó gbẹ́kẹ̀ lé. Àwọn Jamáà náà ni wọ́n sì padà pa á. Tòyèjẹ ti Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó jẹ Kakaǹfò lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀yọ́-Ilé tú ní àwọn ọdún 1830, agbára ogun sì bọ́ sọ́wọ́ Ìbàdàn àti Ìjàyè. Ní Ìbàdàn, olóyè ogun ni ó ń bọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, òun ni ó sì ń wá ìbọn fún wọn, nítorí náà òun ni wọ́n mọ̀ lọ́gàá kí wọ́n tó mọ ìlú. Báyìí ni wọ́n ṣe ja ogun Kírìjì láti 1877 títí di 1893. Badà wà nínú àwọn olóyè kéékèèké wọ̀nyí. Bí a bá ń wá ẹni tí a lè fi wé kọ́púrà, bóyá òun ni ó súnmọ́ ọn jù. Síbẹ̀, kọ́púrà wo ni ó ń fi owó àpò ara rẹ̀ bọ́ ẹṣin ogun?