Ọjọ́ Iwájú Tó Jìnnà Réré: Bí Ìtàn-Àròsọ Sáyẹ́ǹsì Ṣe Fojú Inú Wo Ìlọsíwájú Ẹ̀rọ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Àwọn òǹkọ̀wé ìtàn-àròsọ sáyẹ́ǹsì kì í ṣe babaláwo, wọn kò sì ní ọ̀pẹ̀lẹ̀ lọ́wọ́. Ìmọ̀ ìgbà ayé wọn àti àròjinlẹ̀ ni irinṣẹ́ wọn. Síbẹ̀, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti ń béèrè ìbéèrè kan náà: bí ẹ̀rọ bá ń tẹ̀síwájú fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, ǹjẹ́ ọmọ ènìyàn náà yóò máa tẹ̀síwájú?

Ní ọdún 1895 ni H. G. Wells, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé The Time Machine jáde. Nínú rẹ̀, ọkùnrin kan ṣe ẹ̀rọ tó gbé e lọ sí ọdún 802,701. Ó retí láti bá àwọn ènìyàn tí ọgbọ́n wọn ga ju ti ìgbà tirẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yà méjì ló bá. Àwọn Eloi ń gbé orí ilẹ̀. Wọ́n rẹwà, wọ́n ń jẹ èso, wọ́n ń ṣeré, ṣùgbọ́n wọn kò mọ iṣẹ́ kankan, wọn kò sì lè ronú jinlẹ̀. Àwọn Morlock ń gbé nínú òkùnkùn abẹ́ ilẹ̀, nídìí ẹ̀rọ. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọn a jáde wá mú Eloi pa jẹ. Arìnrìn-àjò náà rò ó títí, ó gbà pé àtọmọdọ́mọ àwọn ọlọ́rọ̀ ni Eloi, àtọmọdọ́mọ àwọn òṣìṣẹ́ sì ni Morlock.

Wells kò ṣàdédé ronú kan èyí. Ìyá rẹ̀ ṣe olórí àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ ní Uppark, ilé ńlá kan ní Sussex, níbi tí àwọn ìránṣẹ́ ti máa ń gba ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ kọjá. Òun fúnra rẹ̀ kọ́ṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù aláṣọ kó tó rí ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ gbà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1884. Ibẹ̀ ni T. H. Huxley, alágbàwí èrò Darwin, ti kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí. Ó yé Wells pé ẹ̀dá lè yí padà láìjẹ́ pé ó ń dára sí i.

Ní òpin ìtàn náà, arìnrìn-àjò lọ síwájú ju ọgbọ̀n mílíọ̀nù ọdún lọ, ó sì rí oòrùn pupa ràgàjì tí iná rẹ̀ ti ń kú lọ. Sáyẹ́ǹsì ìgbà náà nìyẹn, nítorí Lord Kelvin ti ṣírò rẹ̀ pé oòrùn kò ní pẹ́ títí bẹ́ẹ̀ kó tó tutù. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ọdún ni, wèrè ẹ̀míì. Ní ọdún 1939, Hans Bethe ṣàlàyé bí háídírójìn ṣe ń di hílíọ́ọ̀mù nínú àwọn ìràwọ̀. Lónìí, a mọ̀ pé oòrùn ṣì ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 5 ọdún níwájú.

Bí ìmọ̀ ṣe ń gbòòrò ni ọjọ́ iwájú inú ìtàn náà ń gùn sí i. Ní ọdún 1930, Olaf Stapledon kọ Last and First Men, tó ròyìn bílíọ̀nù 2 ọdún àti ẹ̀yà ènìyàn 18 tó rọ́pò ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn fi ìmọ̀ rẹ̀ dá àwọn ọpọlọ ńláńlá sílẹ̀, àwọn ọpọlọ náà sì padà wá run ẹni tó dá wọn.

Ìpalára mìíràn wà tó máa ń wọlé ní ìrọ̀rùn. Nínú ìtàn kúkúrú tí E. M. Forster kọ ní ọdún 1909, The Machine Stops, olúkúlùkù ń dá gbé inú yàrá abẹ́ ilẹ̀. Ẹ̀rọ kan ń bọ́ wọn, ojú àwo kan ni wọ́n sì ti ń rí ara wọn bá sọ̀rọ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ náà dẹnu kọlẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe. Ní ọdún 1956, Arthur C. Clarke tẹ The City and the Stars jáde. Ìlú Diaspar wà ní bílíọ̀nù ọdún sí ìsinsìnyí, kọ̀ǹpútà ló ń pa àwọn ará ìlú mọ́ sí ìrántí tó sì ń dá wọn padà sáyé. Ohun gbogbo pé, àyàfi ìgboyà: ẹ̀rù ìta ìlú ń bà wọ́n.

Clarke yìí kan náà ló kọ̀wé ní ọdún 1945 pé sátẹ́láìtì mẹ́ta, ní nǹkan bíi 36,000 kìlómítà sókè, lè gbé ọ̀rọ̀ ká gbogbo ayé. Ní ọdún 1964, Syncom 3 dúró ní irú ipò bẹ́ẹ̀. Àmọ́ Clarke rò pé ènìyàn ni yóò máa gbé inú wọn láti tọ́jú wọn. Kò rí i pé ẹ̀rọ yóò lè dá ṣe é. Ẹni tó bá ríran jìnnà lè máà rí ohun tó wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀bùn tí a fi orúkọ Clarke pè ni Tade Thompson, ọmọ Yorùbá tí a bí ní Lọ́ńdọ̀nù, gbà ní ọdún 2019 fún Rosewater, ìwé tó gbé ọdún 2066 kalẹ̀ sí Nàìjíríà. Ọmọ Yorùbá náà ti wá dá sí ìbéèrè àtijọ́ ọ̀hún. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ka àwọn ìwé wọ̀nyí kò gbọdọ̀ wá àsọtẹ́lẹ̀ nínú wọn. Ohun tó yẹ kó wò ni ẹni tó ń jèrè ẹ̀rọ, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nídìí rẹ̀, àti ẹni tó ṣì mọ bí a ṣe ń tún un ṣe.